Rírìn Lórí Òjò Dídì ní Colorado, àti Ibi Tó Yẹ kí Ẹ ti Mu Bíà Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Nínú oṣù Kejì, àwa méjèèjì, àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin àti ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Colorado. A fẹ́ fi snowshoe, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí a ń so mọ́ bàtà kí a má baà rì sínú òjò dídì, rìn lórí òkè, kí a sì yà ní àwọn ilé ìpọntí kéékèèké tó wà ní àwọn ìlú apá ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ní kí a ti pápákọ̀ òfúrufú gba Leadville lọ tààrà. A gun òkè Ìdànrè nígbà tí a lọ sílé, kò sì rẹ̀ wá. Àbúrò ìyàwó mi jẹ́ AS. Ṣé èyí kan ọ̀rọ̀ náà? Ibo ni kí a lọ, kí ni kí a wọ̀, ṣé a sì lè kó lára bíà náà padà sílé?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, nítorí ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ yín là sílẹ̀ kò dára fún àlejò tó ń bọ̀ láti Houston. Òtútù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Colorado nínú oṣù Kejì, bẹ́ẹ̀ gíga ilẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Bí òtútù bá mú yín, ẹ lè wọ aṣọ kún aṣọ, ẹ sì lè wọ ilé ìjẹun lọ yáná; afẹ́fẹ́ tí kò tó kò ní irú ìtọ́jú kánmọ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ètò tí mo máa là sílẹ̀ fún yín, títí kan ibi tí ẹ ó ti mu bíà, orí gíga ilẹ̀ ni mo gbé e lé.

Ẹ mẹ́nu ba Ìdànrè. Ẹni tó gun àtẹ̀gùn Ìdànrè tí kò rẹ̀ ẹ́ ti fi hàn pé ẹsẹ̀ òun le, yóò sì wúlò fún yín. Ṣùgbọ́n Denver, tí àwọn ará Colorado kà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, wà ní 1,609 mítà sókè ju òkun lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi tí ọkọ̀ òfúrufú yóò já yín sí ti ga ju orí òkè Ìdànrè lọ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan. Bear Lake, níbi tí àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú Rocky Mountain National Park ti bẹ̀rẹ̀, wà ní nǹkan bí 2,880 mítà, Leadville sì súnmọ́ 3,100 mítà. Ní 3,000 mítà, ọ́síjìn tó ń bá èémí kọ̀ọ̀kan wọlé dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá sí ti etí òkun, ilẹ̀ Houston sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ara ènìyàn lè kọ́ láti fara da èyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà, agbára ẹsẹ̀ kò sì ń mú kí ó yá. Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin tó ń sáré ìdíje tí orí ń fọ́ nígbà tí ìyá àgbà tó rọra ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń gbádùn ara rẹ̀.

Àwọn àmì tí ẹ ó máa wò ni orí fífọ́, èébì tó ń gbé ni, oúnjẹ tí kò wu ni jẹ, àárẹ̀ tó ju ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ṣe lọ, àti oorun tí kò já geere. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn tí ènìyàn bá dé ibi tó ju 2,500 mítà lọ. Tí ó bá jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró síbi tí ẹ wà, ẹ sinmi, ẹ mu omi, ẹ má sì gòkè sí i. Tí ẹnìkan bá wá ń mí hẹlẹ nígbà tó jókòó jẹ́jẹ́, tàbí tó ń wúkọ́ itọ́ tó ní ìfófòó, tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wò ó di òwúrọ̀. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní kíá, ẹ sì pe 911. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ acetazolamide tí dókítà lè kọ fún ènìyàn kí ó tó rìnrìn àjò. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́, pàápàá tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ní irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ rí lórí òkè.

Ní ti àbúrò ìyàwó yín, ó kan ọ̀rọ̀ náà gan-an, mo sì fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka apá yìí. Lójoojúmọ́ ayé ní Houston tàbí ní Ìbàdàn, AS kì í sábà dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rántí jẹ́nótáìpù kìkì nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn bá ti dín kù, tí ara gbẹ, tí òtútù mú, tí ènìyàn sì ń ṣe iṣẹ́ àṣekára, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS lè tẹ̀ bíi ti ẹni tó jẹ́ SS, kí ó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀yà ara tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, èyí tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì. Àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jẹ́ AS tí wọ́n gòkè ní Colorado, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì mọ̀ pé AS ni wọ́n títí tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè lọ tí wọ́n sì ń bọ̀ ní àlàáfíà. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ó mọ àmì rẹ̀: ìrora tó le lójijì ní òkè ikùn lápá òsì, tó lè gun èjìká òsì, pẹ̀lú èébì tàbí láìsí èébì. Kí ó má rò pé oúnjẹ ló ń yọ òun lẹ́nu. Kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì jẹ́ pé AS ni, nítorí pé dókítà tí kì í sábà rí àwọn ènìyàn wa lè máà rò ó débẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó máa mu omi láti òwúrọ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kí ó má bá ẹnikẹ́ni díje lórí òkè, kí ó sì fi bíà sílẹ̀ pátápátá títí ìrìn yóò fi parí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ SS tàbí SC, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: kí ó má gun òkè yìí rárá, àyàfi tí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra. Mo mọ bí ó ṣe máa ń ṣòro láàárín wa láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́.

Ẹ wá fi Leadville sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ìlú náà lẹ́wà, ìtàn wíwa fàdákà ibẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n láti etí òkun lọ sùn ní 3,100 mítà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà jẹ́ ọ̀nà tó dájú láti fi orí fífọ́ ba ìsinmi jẹ́. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fún yín ni ti Estes Park, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà Rocky Mountain National Park. Ẹ sùn ní Denver ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì ṣe ju kí ẹ rìn yípo àdúgbò lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ wakọ̀ lọ sí Estes Park, tó wà ní nǹkan bí 2,290 mítà, ìrìn náà kò ju wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ tí ojú ọ̀nà bá mọ́. Ẹ gba bàtà snowshoe níbẹ̀, nítorí pé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni kò ṣọ̀wọ́n, kò sì sí ìdí láti ra ohun tí ẹ ó lò fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ lọ yípo Sprague Lake. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ìyípo náà kò tó kìlómítà kan ààbọ̀, ó sì wà ní nǹkan bí 2,650 mítà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bí ara kálukú ṣe rí. Ẹ padà sùn ní Estes Park, kí ẹ wá lọ sí Bear Lake ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ní Bear Lake, ẹ tètè dé, nítorí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún ní òpin ọ̀sẹ̀, ìjì sì sábà máa ń le sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Láti ibẹ̀ dé Nymph Lake jẹ́ nǹkan bí 800 mítà. Dream Lake sì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 1.8. Dream Lake, ní nǹkan bí 3,020 mítà, ni mo fẹ́ kí ẹ ti yí padà. Àfonífojì náà á ṣí sílẹ̀ níwájú yín níbẹ̀, Hallett Peak á sì dúró gbagidi lókè adágún tó ti dì. Ọ̀nà náà tún ń lọ sí Emerald Lake, àmọ́ apá yẹn gba abẹ́ àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òjò dídì lè ya lulẹ̀ láti orí wọn, kò sì yẹ fún ẹni tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń wò wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyalulẹ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ rò pé àwọn tó ń fi pákó yọ̀ lórí òkè nìkan ló kàn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà tó ìwọ̀n 30 sí 45 dígírì ló sábà máa ń já. Òjò dídì Colorado tún ní àléébù tirẹ̀: ó sábà máa ń tínrín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, òtútù òru á sì sọ ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ di hóró hóró bíi ṣúgà tí kò lẹ̀ mọ́ra, tí òjò dídì tuntun bá wá wọ̀n lé e, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ẹni tó dúró ní ìsàlẹ̀ lè já a láìfọwọ́ kan orí rẹ̀. Colorado Avalanche Information Center máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde lójoojúmọ́, láti ìpele 1 dé 5. Ẹ kà á ní àárọ̀ kí ẹ tó jáde. Bí ó bá ti dé 3, kí ẹ má kúrò nínú igbó àti ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ má sì jẹ́ kí ipasẹ̀ ẹlòmíràn fi yín lọ́kàn balẹ̀, nítorí pé ẹni tó fi í sílẹ̀ lè máà mọ̀ jù yín lọ. Lórí adágún tó dì pẹ̀lú, etí ni kí ẹ máa gbà. Yìnyín ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tó ti ń jáde máa ń fẹ́lẹ́.

Bàtà snowshoe fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Ohun pẹlẹbẹ gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, tí a ń so mọ́ abẹ́ bàtà wa, ó ń tẹ́ ìwúwo ara sí ibi tó fẹ̀ kí a má baà rì títí dé orúnkún, ó sì ní eyín irin lábẹ́ tó ń di yìnyín mú. Ìwọ̀n tí wọ́n ń bù fún ènìyàn ń tẹ̀lé ìwúwo ara pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn: èyí tó gùn tó nǹkan bíi 55 sẹ̀ǹtímítà tó fún ẹni tí kò ju 80 kìlógíráàmù lọ, èyí tó tó 63 sì wà fún ẹni tó wúwo ju bẹ́ẹ̀. Ẹ so ó níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ẹ fi ibi tó nípọn jù ní àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn àwọn ọmọ ìka, sí orí ibi tó ti ń yí, kí ẹ fa okùn iwájú ṣinṣin, lẹ́yìn náà okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n kí gìgísẹ̀ lè gbé sókè dáadáa nígbà tí ẹ bá ń rìn. Ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i ju bí ẹ ṣe ń rìn lọ, kí èyí má baà tẹ èkejì. Ẹ má rìn sẹ́yìn, nítorí ìrù rẹ̀ á gún òjò dídì, á sì gbé yín ṣubú. Ńṣe ni kí ẹ yí po díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà, ẹni iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí náà kí ẹ máa pààrọ̀ ipò. Lójú ọ̀nà Dream Lake ní òpin ọ̀sẹ̀ tí òjò dídì tuntun kò sí, àwọn ènìyàn á ti tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ débi pé irin ẹlẹ́yín tí wọ́n ń fi rọ́bà fà wọ bàtà á dára ju snowshoe lọ. Ẹ yá méjèèjì.

Aṣọ kò le bí ẹ ṣe rò. Òfin kan wà tí kò ṣe é rú: òwú kò gbọ́dọ̀ kan ara yín. Jíǹsì àti síńgílẹ́ẹ̀tì òwú máa ń fa òógùn mọ́ra, kì í tètè gbẹ, òtútù á sì gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ bá dúró. Ẹ wọ èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí ọ̀rá híhun ṣe sí abẹ́, èyí tó ń mú ara gbóná sí àárín, àti èyí tí ìjì àti omi kò lè gbà kọjá sí òde. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kí òtútù mú yín díẹ̀. Tí ara yín bá ti gbóná níbi ìgbọ́kọ̀sí, aṣọ ti pọ̀ jù, òógùn á sì dé láìpẹ́. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ wà láìní jígí oòrùn. Ìtànṣán oòrùn tó ń jóni máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ní gbogbo 1,000 mítà tí ènìyàn bá gùn, òjò dídì tuntun sì lè dá tó ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà sójú. Àwọ̀ dúdú wa kò gbà wá lọ́wọ́ èyí. Ẹ fi ìpara sí abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ imú pẹ̀lú, torí láti ìsàlẹ̀ ló ti ń tàn wá.

Ó wá kan bíà. Ìmọ̀ràn mi kò gùn: ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó mu. Ọtí máa ń dín agbára èémí kù lójú oorun, ó ń mú kí ara pàdánù omi, ó ń ṣí àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ tí ìgbóná inú ara fi ń jáde, orí fífọ́ tó sì ń fà jọ ti òkè débi pé ẹ kò ní mọ èwo lẹ ń bá jà. Inú mi dùn sí ọ̀nà Estes Park nítorí pé ojú ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti ń padà sí Denver, tí àwọn ìlú ìpọntí sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà 36 á gbé yín dé Lyons, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju Denver lọ. Ìlú kékeré yìí ni Oskar Blues ti bẹ̀rẹ̀ ní 1997, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rọ bíà Dale's Pale Ale rẹ̀ sínú agolo ní 2002, nígbà tí àwọn ilé ìpọntí kéékèèké mìíràn ṣì gbà pé bíà olówó pọ́ọ́kú nìkan ló yẹ fún agolo. Àwọn tó ń gun òkè fẹ́ràn rẹ̀, nítorí agolo kì í fọ́ nínú àpò.

Longmont, tó tún wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ sùn sí ní alẹ́ kẹta. Níbẹ̀ ni Left Hand Brewing wà láti 1993. Orúkọ Niwot (tó túmọ̀ sí ọwọ́ òsì, bíi Left Hand), olórí àwọn Arapaho tó gbé ní agbègbè náà kí àwọn tó ń wá góòlù tó dé, ni wọ́n fi sọ ilé náà. Ẹni tó bá mọ Guinness tí wọ́n ń pọn ní Ìkejà kò ní ṣàjèjì sí Milk Stout wọn, àmọ́ kí ó má retí ìkorò tiwa. Ìgbà tí wọ́n bá fa èyí tí wọ́n fi gáàsì nítírójìn ṣe sínú ife, ẹ má tètè gbé e mu. Ẹ wò ó bí ìfófòó aláwọ̀ ilẹ̀ ṣe ń ṣàn sísàlẹ̀ lẹ́bàá ife, tí dúdú rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìdí, títí ìfófòó funfun kan ṣoṣo á fi jókòó sórí rẹ̀ bí ìpara. Ṣúgà wàrà ló mú un dùn, nítorí ìwúkàrà bíà kò lè jẹ irú ṣúgà bẹ́ẹ̀, ó sì kù sínú ife. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa ni wàrà máa ń dà láàmú nínú. Bí ikùn yín kì í bá gba wàrà tútù, ẹ tọ́ ọ wò nínú ife kékeré, kí ẹ sì yan òmíràn fún gbígbádùn.

Ohun tó máa ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni agbára ọtí. Bíà tí a mọ̀ sílé, bíi Star, kò ju bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí, mẹ́fà tàbí méje wọ́pọ̀, àwọn kan sì kọjá mẹ́wàá. Ẹ kà á lára pátákó kí ẹ tó yan. Ẹ béèrè fún àwo ife kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n fi ń tọ́ bíà wò, ẹ pín in, kí ẹ sì jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá máa wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ mu rárá. Ní Colorado, ìwọ̀n ọtí 0.05 nínú ẹ̀jẹ̀ ti tó láti fẹ̀sùn kan awakọ̀, kò tiẹ̀ tíì dé 0.08 tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò. Fún ẹnikẹ́ni nínú yín tó wà lórí físà, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ọlọ́pàá mú ènìyàn nítorí ọtí lójú ọ̀nà nìkan, láìtíì dé ilé ẹjọ́, lè mú kí ìjọba fagi lé físà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ sùn ní Longmont. Ẹ gbé ọkọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi táksì lọ kí ẹ fi bọ̀.

Bí ẹ bá tún wá lọ́dún mìíràn, nígbà náà ni kí ẹ gba ọ̀nà I-70. Idaho Springs wà lórí rẹ̀ ní nǹkan bí 2,300 mítà, níbi tí wọ́n ti rí góòlù ní 1859. Tommyknocker Brewery tó wà níbẹ̀ láti 1994 gba orúkọ lára àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí àwọn awakùsà láti Cornwall gbà pé wọ́n ń kan ògiri lábẹ́ ilẹ̀, bí ẹni tí ń gbọ́ ìró iwin nínú igbó wa. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án dé òpin oṣù Karùn-ún, òfin béèrè pé kí gbogbo ọkọ̀ tó ń gba àárín Morrison àti Dotsero lórí I-70 ní táyà tó yẹ òjò dídì, tàbí kí ó gbé ṣéènì dání. Bí ọkọ̀ tí ẹ yá bá ní táyà tó ti jẹ, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni ọlọ́pàá máa mú. Ẹ wo táyà níbi tí ẹ bá ti gba ọkọ̀, kódà fún Estes Park. Ẹ tún yẹra fún I-70 ní ọ̀sán Sunday, ìgbà tí gbogbo Denver ń ti orí òkè bọ̀.

Ní ti kíkó bíà padà, ó ṣeé ṣe. Ohun mímu tí agbára rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ kò ní òǹkà lábẹ́ òfin ọkọ̀ òfúrufú, ṣùgbọ́n inú ẹrù tí ẹ fẹ́ fi sábẹ́ ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ kó o sí. Ẹ yan agolo, ẹ má yan ìgò, kí ẹ fi ọ̀rá dì í lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó o sáàárín aṣọ òtútù tí ẹ kò ní lò mọ́ ní Houston. Nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀ lọ sí pápákọ̀, inú búùtù ni kí ó wà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ọ̀kan lójú ọ̀nà, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí agolo ọtí tó ti ṣí wà níbi tí awakọ̀ àti èrò jókòó sí.